Bí Ọdẹ́dìran Ṣe Kọ́ Àròkọ Nínú Igbó Aròjinlẹ̀

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ará ilé àti ará ọ̀nà. Ẹni tí ìjókòó rẹ̀ kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ó tètè wá òmíràn, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìtàn Ọdẹ́dìran ọmọ Agbẹ́rìn ni mo fẹ́ sọ fún yín, ọkùnrin tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú igbó iwin, tí kì í ṣe ẹran ló wá lọ, tí kì í ṣe wúrà ló wá lọ, bí kò ṣe ọgbọ́n tí wọ́n fi ń kọ àròkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà kò pa òun lẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ọdẹ ni bàbá Ọdẹ́dìran, ọdẹ ni bàbá bàbá rẹ̀. Láti kékeré ni ó ti mọ ipa ẹsẹ̀ ẹtu yàtọ̀ sí ti ìgalà, tí ó sì mọ ibi tí túùkú ń gbà lọ mumi. Ó ka ìwé mẹ́wàá yanjú, ó lè ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì láti òkè dé ilẹ̀, ó sì lè bá àlejò sọ èdè náà láìkọsẹ̀. Nígbà tí ó di ẹni ọdún méjìdínlógójì, ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìtọ́jú igbó kéde pé àwọn ń wá ẹnì kan ṣoṣo, àgbàlagbà tí ó mọ igbó dénú, tí àwọn yóò kọ́ fún ọdún méjì, tí yóò sì padà wá di olórí àwọn olùṣọ́ igbó Agbẹ́rìn. Ohun tí wọ́n béèrè kò ju àròkọ olójú ewé méjì lọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: kí ẹni náà sọ ohun kan tí ó rò pé ó yẹ kí a ṣe nípa igbó, kí ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìgbà mẹ́ta péré ni ènìyàn lè gbìyànjú.

Ọdẹ́dìran ní ohun tí ó fẹ́ sọ. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń wù ú dé egungun pé kí wọ́n dá ọdẹ ṣíṣe dúró fún oṣù mẹ́ta nígbà òjò, nígbà tí ẹran ń lóyún tí wọ́n sì ń bímọ. Bí wọ́n bá fi àjèjì ṣe olórí olùṣọ́ igbó, ta ni yóò gbọ́ ọ? Nítorí náà ó jókòó, ó kọ ojú ewé mẹ́fà. Ó kí ilé ẹ̀kọ́, ó kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ó kí ìdílé ọ̀gá. Ó ròyìn ẹwà igbó, ó ki ẹkùn, ó ki erin, ó sọ ìtàn bàbá rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹfà ni ó tó fi ìlà kan sọ̀rọ̀ nípa òjò. Ìyáàfin Abíọ́nà, olùkọ́ tí ń yẹ àwọn àròkọ náà wò, fi bírò pupa kọ ọ́ sí i lórí pé, "Kí lẹ ń sọ gan-an?" Ọdẹ́dìran tún un kọ. Èyí kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n bírò pupa tún dé: "Ta ló sọ fún yín?"

Ayọ̀ká ìyàwó rẹ̀ ka ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. "Baálé mi, ẹ̀ẹ̀kan ló kù o. Bí èyí náà bá lọ bí ti tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé àjèjì ni yóò máa pàṣẹ fún yín nínú igbó tí wọ́n bí yín sí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí ó lè jẹun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó di iṣu sísun àti iyọ̀ díẹ̀, ó fi àròkọ tí wọ́n dá padà, ìwé òfìfo àti bírò sínú àpò ọdẹ, ó sì dorí kọ Igbó Aròjinlẹ̀. Gbogbo ọdẹ Agbẹ́rìn ló ń sá fún igbó náà. Kì í ṣe pé àwọn iwin ibẹ̀ ń pa ènìyàn. Ìbéèrè ni wọ́n ń béèrè, ọ̀pọ̀ ọdẹ sì gbà pé ó sàn kí ẹkùn máa lé àwọn ju kí wọ́n máa bi àwọn ní ìbéèrè lọ.

Ní ẹnu igbó náà, ìtàkùn ẹlẹ́gùn-ún dí ọ̀nà pa, iwin kan sì jókòó síwájú rẹ̀ lórí gbòǹgbò igi. Etí kan ṣoṣo ló ní, etí náà fẹ̀ tó ewé kókò, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì wúwo bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán. Elétíkan ni wọ́n ń pè é. "Ọmọ ènìyàn," ni ó wí, "kí lo wá ṣe?"

Ọdẹ́dìran dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà igbó. Ẹ kú ìjókòó. Ilé ńkọ́? Àwọn ìyàwó ńkọ́? Ṣé òjò ìjẹta kò ba nǹkan jẹ́ fún yín?" Kí ó tó dé orí àwọn ọmọ, Elétíkan ti ń hanrun. Ó di ìgbà tí oòrùn mú díẹ̀ kí ó tó jí, ó sì tún béèrè ohun tí ó béèrè tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí Ọdẹ́dìran gé ìkíni kúrú, ṣùgbọ́n orí bàbá bàbá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé, oorun sì tún gbé iwin náà lọ. Nígbà tí ó jí lẹ́ẹ̀kẹta, oòrùn ti kan àtàrí, ebi ń pa Ọdẹ́dìran, inú sì ń bí i. Ó pariwo: "Mo wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ àròkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè dá ọdẹ ṣíṣe dúró nígbà òjò!"

Ìtàkùn ẹlẹ́gùn-ún náà là sí méjì. Elétíkan la ojú méjèèjì, oorun sì dá lójú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ni Ọdẹ́dìran wí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, "ṣé kí n má kí ènìyàn mọ́ ni? Wọ́n kọ́ mi nílé o."

"Wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Bí o bá dé ilé ẹni, kí i títí ó fi rẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ìwé ló wà níwájú ẹni tí yóò ka àròkọ rẹ. Ó fẹ́ mọ ibi tí o ń mú un lọ kí ó tó tẹ̀ lé ọ. Sọ ibẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà, sọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà, kí o sì gbéra."

Ọdẹ́dìran rìn títí ó fi dé pápá kan, ó sì bá iwin ńlá kan tí orí mẹ́ta wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn orí náà ń pariwo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà débi pé kò sí ẹyẹ kankan mọ́ lórí igi tí ó wà nítòsí. Iwin yìí mọ ohun tí ó wà nínú ìwé tí Ọdẹ́dìran gbé sápò, aáwọ̀ lórí rẹ̀ gan-an sì ni àwọn orí náà ń bá ara wọn ṣe. "Bí o kò bá parí ìjà wa," ni ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wí, "o kò ní kọjá."

Ọdẹ́dìran ti jókòó ní ìpàdé àwọn ọdẹ rí, ariwo kò bà á lẹ́rù. Ó nàka sí orí ọ̀tún. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, kí ẹ sì sọ ọ́ títí yóò fi yé wa. Ẹ̀yin ti àárín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ tiyín bí ẹni já bọ́ láti òkè. Ẹ kọ́kọ́ so ó mọ́ èyí tí wọ́n sọ tán."

Orí ọ̀tún sọ pé ìgbà òjò ni ẹran ń bímọ, ó ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké, ó sì dákẹ́. Orí àárín ní, "Nítorí èyí tí ọ̀tún sọ yìí, ọdẹ tí ó bá pa abo kan nígbà òjò ti pa méjì." Ṣùgbọ́n orí òsì bú jáde: "Kí ni kí ọdẹ wá jẹ fún oṣù mẹ́ta? Ṣé kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa gbé afẹ́fẹ́ mì?"

Ọ̀rọ̀ yìí ba Ọdẹ́dìran nínú jẹ́, nítorí òun náà ti ń sá fún un láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní kí orí òsì dákẹ́. Bí ó ti ń pa á lẹ́nu mọ́ ni orí náà ń wú, tí ohùn rẹ̀ sì ń lọ sókè, títí ó fi fẹ́ bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́, ó jẹ́ kí ó sọ tirẹ̀ tán, ó sì dá a lóhùn: "Ìbéèrè yín tọ̀nà. Oko ni ọdẹ yóò máa ṣe ní oṣù mẹ́ta náà. Gbogbo wa la ní oko ní Agbẹ́rìn, ìgbà òjò sì ni iṣẹ́ oko pọ̀ jù."

Orí òsì rọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dára. Ẹni tí ó bá ń ta kò ọ́, má fi pamọ́ nínú àròkọ rẹ. Jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀, kí o sì dá a lóhùn."

Bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́dìran kọjá, inú rẹ̀ dùn, ó tilẹ̀ ń súfèé. Kò mọ̀ pé èyí tí ó le jù ló kù. Lórí àpáta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsun omi ni iwin arúgbó kan jókòó sí, irun funfun rẹ̀ wọ́lẹ̀, ó sì gbé àpò ọdẹ kọ́rùn. Ẹ̀rí-dà ni orúkọ rẹ̀. Ó ní kí Ọdẹ́dìran jókòó, kí ó kọ àròkọ rẹ̀, kí ó sì máa kà á sí òun létí. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́ o, ṣùgbọ́n Yorùbá ni èmi yóò fi sọ ọ́ fún yín kí gbogbo wa lè jọ gbọ́.

"Ó yẹ kí a dá ọdẹ ṣíṣe dúró ní Agbẹ́rìn fún oṣù mẹ́ta nígbà òjò," ni Ọdẹ́dìran kà. Arúgbó náà mi orí pé ó dára. "Gbogbo ẹran inú igbó wa ti kú tán pátápátá."

"Ẹ̀rí dà?"

"Gbogbo ayé ló mọ̀, bàbá."

Arúgbó náà súfèé. Ọ̀yà kan tí ó sanra yọ jáde láti inú koríko, ó jókòó sáàárín wọn, ó ń họ imú. "Ṣé òkú rèé?" ni Ẹ̀rí-dà béèrè. Ojú ti Ọdẹ́dìran. Ó pa "gbogbo" rẹ́, ó pa "pátápátá" rẹ́, ó sì kọ ọ́ pé ẹran ń dín kù.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé wọ́n ń dín kù?"

Ibí yìí ni Ọdẹ́dìran ti gbójú sókè, nítorí ó ní ìlà kan tí ó fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Ó kọ ọ́, ó sì kà á sókè: "Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ọdẹ kan pa ẹtu mẹ́tàdínlógún láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ní èṣí, mẹ́rin péré ni."

"Ta ló kà wọ́n?"

"Èmi ni, bàbá."

Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, àwọn lẹ́tà ìlà náà dìde lórí ìwé bí èèrà. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, wọ́n sì mú ọ̀nà Agbẹ́rìn pọ̀n. Ọdẹ́dìran ń gbá wọn mú, wọ́n ń gba àárín ìka rẹ̀ yọ. Ibi tí ìlà náà wà lórí ìwé di funfun báláú. Ó mọ̀ pé láìsí ìlà yẹn, àròkọ òun ti di òfìfo.

Ẹ̀rí-dà kò dìde. "Ọdẹ ni ọ́," ni ó wí. "Bí o bá yìnbọn lu túùkú, tí ó fara gbọta sá lọ, tí ọdẹ mìíràn sì pa á níwájú, kí ni òfin wí?"

"Itan ọ̀tún jẹ́ tèmi," ni Ọdẹ́dìran dáhùn kíá. "Òfin Agbẹ́rìn nìyẹn. Láoyè, ọdẹ ìlú wa kan, tí ó gbé apá fún mi dípò itan, ó di ọdún mẹ́rin tí n kò ti bá a sọ̀rọ̀."

"Ilé ta sì ni àwọn lẹ́tà yìí ń lọ?"

Ọdẹ́dìran wo ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń lọ nínú koríko. Láoyè ló fi èédú sàmì ẹtu tí ó ń pa sára ògiri yàrá rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ó sọ ọ́ ní ìpàdé ọdẹ. Ọdẹ́dìran gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ, ó sì gbé e lọ sílé. Kò fẹ́ kọ orúkọ Láoyè, kí ó má bàa dà bí ẹni pé Láoyè gbọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ akínyẹmí ara, nítorí ohun tí ó bínú sí fún ọdún mẹ́rin ni òun náà ṣe yìí, tí kò tilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní apá pàápàá.

"Láoyè ló kà wọ́n," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

Àwọn lẹ́tà náà dúró, wọ́n yí padà, wọ́n sì gun orí ìwé. Níwájú wọn ni orúkọ Láoyè jókòó sí, gàdàgbà.

"Ohun tí olùkọ́ rẹ ń béèrè nìyẹn," ni Ẹ̀rí-dà wí. "Máa lọ sílé. Bí o bá fẹ́ parí àròkọ náà, má bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tuntun nígbà tí o bá ń jáde lọ. Rán olùkàwé létí ohun tí o fi hàn án, kí o sì dákẹ́."

Kí Ọdẹ́dìran tó dé ilé tirẹ̀, ilé Láoyè ló kọ́kọ́ yà sí. Láoyè ń pọ́n àdá níwájú ìta, ó rí i, ó sì gbójú kúrò. Ọdẹ́dìran dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo mú nǹkan yín láìtọrọ. Ẹ forí jì mí. Mo fẹ́ fi ohun tí ẹ sàmì sára ògiri kọ̀wé, orúkọ yín ni yóò sì wà níbẹ̀."

Láoyè pọ́n àdá náà fún ìgbà díẹ̀ sí i. "Mélòó lo kọ?"

"Mẹ́tàdínlógún."

"Mọ́kàndínlógún ni. Bí o bá fẹ́ jí nǹkan, kí ló dé tí o kò jí i pé?" Ni ó bá bú sẹ́rìn-ín, ó sì mú un wọ yàrá, wọ́n jọ ka àmì èédú náà títí wọ́n fi dé èyí tó kẹ́yìn.

Ọdẹ́dìran fi àròkọ kẹta ránṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n dá a padà pẹ̀lú èsì. Ìlà méjì ni bírò pupa kọ sórí rẹ̀: "A gbà yín sílé ẹ̀kọ́ wa. Ṣé Ọ̀gbẹ́ni Láoyè yóò jẹ́ kí a wá wo ògiri náà?" Ayọ̀ká fò sókè, ó ń jó nínú ilé. Ọdẹ́dìran mú ìwé náà, ilé Láoyè ló gbé e lọ, ó kà á fún un, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Láoyè kò kàwé rí. Ó ní kí Ọdẹ́dìran fi ibi tí orúkọ òun wà han òun. Ó gbé ìka lé e, kò sì tètè gbé e kúrò. "Tún ìlà yẹn kà fún mi," ni ó wí, Ọdẹ́dìran sì tún un kà.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé, ẹ tètè sọ ohun tí ẹ wá sọ. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣe tán kí ẹ tó mú òmíràn, ẹ má sì bu iyọ̀ tí ó pọ̀ jù sí òtítọ́. Ẹni tí ó bá sì ti yìnbọn ṣáájú yín, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ gàdàgbà, pàápàá jù lọ bí ẹ kò bá fẹ́ràn rẹ̀.