Àpótí Kejì

Ahunṣọ ni Láwọyin ará Òkè-Ìgbá, ọwọ́ rẹ̀ sì dùn. Bí ó bá jókòó sí ìdí òfì láàárọ̀, tí ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú ń lọ tó ń bọ̀, àwọn tó ń lọ sóko a dúró wò ó kí wọ́n tó kọjá. Ṣùgbọ́n ọtí, hùn! Lẹ́yìn iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń mu ún. Kò pẹ́, ó di pé kó tó ṣiṣẹ́ ni. Nígbà tó yá, kò síṣẹ́ mọ́, ọtí nìkan ló kù. Ọwọ́ tí kì í já òwú wá ń gbọ̀n.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ fara dà á títí. Òun ló ran òwú tí wọ́n fẹ́ fi hun aṣọ ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ obìnrin, odidi ọdún kan ló fi ran án. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n wá gba aṣọ, ọtí gun Láwọyin, ó mú ọ̀bẹ, ó gé aṣọ náà kúrò lórí òfì nígbà tí kò tíì dé ìdajì, ó ní òun ti ṣe tán. Àwẹ̀ró dìde. Ó di ẹrù rẹ̀, ó pọn ọmọ wọn, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ.

Láwọyin lọ dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ títí iyẹ̀pẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Bàbá Àwẹ̀ró, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní:

“Láwọyin, ẹ̀bẹ̀ rẹ ti sú mi, ṣùgbọ́n ọmọ mi ṣì ń fẹ́ ọ. Mo gbọ́ pé àwọn kan wà ní Ìsàlẹ̀-Odò tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Ajáwọ́. Ọ̀mùtí ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń pàdé, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ gbé ara wọn ró. Lọ wá wọn rí. Jókòó tì wọ́n, kí ọ̀kan nínú wọn bá ọ wá síbí, n ó fa ìyàwó rẹ lé ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá tún gbé òórùn ọtí wọ ilé yìí, ó parí nìyẹn.”

“Ẹ ṣé, bàbá. Mo ti gbọ́.”

Ní ọjọ́ ọjà Ìsàlẹ̀-Odò, Láwọyin jí, kò fi ọtí kan ẹnu. Ó wẹ̀, ó wọ dàńṣíkí rẹ̀ tó mọ́ jù, ó kọrí síbẹ̀. Àfi bó ṣe dé ìlú tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ta ni yóò bi? Kí ni yóò wí? Pé, ‘Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni àwọn tí ọtí ti sọ di ẹdun arinlẹ̀ ń jókòó sí?’ Òun, àgbà ọkùnrin! Ó lọ sókè, ó bọ̀ sísàlẹ̀, ó ń yọjú wo agbo ilé gbogbo bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù.

Bàbá kan tó gbé àpótí ìjókòó méjì léjìká ti rí i tó ń lọ tó ń bọ̀.

“Ọmọ mi, ó jọ pé àlejò ni ọ́. Níbo lò ń lọ?”

Ọ̀rọ̀ ti dé ètè Láwọyin. Ẹ wo nǹkan! Ojú kò tì í rí láti mutí ní gbangba, láti fi ọtí sílẹ̀ ló wá ń tì í lójú. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ló sọ.

“Ilé ẹlẹ́mu ni, bàbá.”

Bàbá náà wò ó, ó tún un wò.

“Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú, bàbá.”

“Ó dáa. Ọ̀nà kan náà là ń lọ.”

Bàbá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ké sí ẹlẹ́mu pé àlejò dé, òun fúnra rẹ̀ sì yà sí ẹ̀yìnkùlé. Láwọyin rò pé òun yóò kàn jókòó díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́mu bu igbá àkọ́kọ́, ó tọ́ ọ wò níṣojú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe, ó fi lé e lọ́wọ́. Bí àlejò bá kọ irú igbá bẹ́ẹ̀, ó fẹ̀sùn májèlé kan onílé nìyẹn. Láwọyin mu ún. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé igbá kan kì í tó ọ̀mùtí. Láti ẹ̀yìn ògiri ló ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò bi ẹlẹ́mu pé ta ni wọ́n.

Ọtí náà ló tún gbà á nímọ̀ràn pé kó máa lọ sílé àna rẹ̀, kó ní òun ti rí Ẹgbẹ́ Ajáwọ́. Àwẹ̀ró ti dirun, ó ti gbé ẹrù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Nígbà tí Láwọyin dọ̀bálẹ̀ tí kò lè dìde mọ́, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Àwẹ̀ró jókòó, ó tú ẹrù náà, ó ń kó aṣọ rẹ̀ padà sínú yàrá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, Láwọyin padà sí Ìsàlẹ̀-Odò. Lọ́tẹ̀ yìí, ó bi obìnrin tó kọ́kọ́ pàdé: “Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, níbo ni Ẹgbẹ́ Ajáwọ́ ti ń pàdé?” Obìnrin náà kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yìn ilé ẹlẹ́mu yẹn ni.” Bàbá ọjọ́sí ló bá níbẹ̀, ó jókòó sórí àpótí kan, kò sẹ́ni lórí èkejì.

“Bàbá, ẹ̀yin ni?”

“Èmi ni. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mo ń gbé méjì wá, nítorí ẹni tó lè dé. Nígbà tí mo rí ọ, mo ní ẹni wa nìyí. Ìdí tí mo fi bi ọ́ nìyẹn. Ò bá sọ, ọmọ mi. Ò bá kàn sọ.”

Láwọyin jókòó sórí àpótí náà, ó sunkún bí ọmọdé.

Kò mutí mọ́ títí ó fi kú. Ọwọ́ rẹ̀ tún balẹ̀, aṣọ rẹ̀ tún dára. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ti wà nílé ọkọ mìíràn. Bàbá rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí Láwọyin darúgbó, ìkóríta ló gbé òfì rẹ̀ sí. Bó bá ti rí àlejò tó ń wòtún wòsì, á dá ọ̀kọ̀ dúró, á ní: “Béèrè o! Má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Nígbà tí èmi fi máa béèrè, ọjà ti tú.” Láti ìkóríta yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti dé etí àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.