Káfíńtà Tó Dí Gbogbo Ihò Ilé Adìyẹ

Ọkùnrin kan wà ní ìlú olókè kan lápá Òkè-Ògùn, tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Káfíńtà ni, ó ti dàgbà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti tú ká. Adìyẹ mọ́kànlá ni ìyàwó náà fi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Orí ibùsùn àìsàn ló wà tó fi sọ fún un pé, "Bá mi tọ́jú wọn." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni tó jìn sí kànga ṣe ń di okùn mú.

Lọ́dún náà, ọyẹ́ wá tagbára-tagbára. Ètè ń bẹ́, awọ ara ń funfun, omi àárọ̀ tutù débi pé ó ń ta ni léyín. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ọkùnrin náà jáde sẹ́yìnkùlé, ó rí i pé àwọn adìyẹ wú ìyẹ́ wọn, wọ́n fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ó ní òtútù fẹ́ kó wọn lọ.

Ó gbé òòlù. Ó kan pákó mọ́ gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ó fi àkísà dí abẹ́ òrùlé, ó sì fi tàpólì bo ilé adìyẹ náà látòkè délẹ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n jáde mọ́. Àgbàdo àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń gbé wọlé fún wọn. Kò ní tíì jókòó dáadáa tí yóò fi tún dìde. Á ṣí ilẹ̀kùn, á kà wọ́n, á tún tì í. Bó bá ń jẹun, etí rẹ̀ á wà lẹ́yìnkùlé. Lọ́jọ́ ìsinmi, ó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, adìyẹ kan bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó kú. Ọkùnrin náà ń yí ilé adìyẹ po, ó ń fọwọ́ wá ibi tí òtútù gbà wọlé. Ó rí ihò kan tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ó fi ìda dí i. Ní ọjọ́ kẹfà, méjì kú.

Opó kan wà nílé kejì tí òun náà ń sin adìyẹ. Ó ti gbọ́ ìró òòlù títí ó fi sú u. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ó wọlé, ó bá ọkùnrin náà níbi tó tún ti ń gé pákó.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ kú iṣẹ́. Kí lẹ tún ń kàn?"

"Òtútù ń pa wọ́n, Ìyá Ṣẹ̀san. Mo ti ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀."

"Ẹ wọ inú ilé adìyẹ yìí, kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Kí ẹ wá máa kà láti oókan dé ọgọ́rùn-ún."

Ọkùnrin náà rò pé ó ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọlé, obìnrin náà sì fi ìdènà sí i. Inú ibẹ̀ gbóná, ó ṣókùnkùn. Kó tó ka ogún, òórùn ìgbẹ́ adìyẹ ti ń ta á lójú bí àlùbọ́sà. Omi ń kán láti ara tàpólì sí i lọ́rùn. Nígbà tó ka ogójì, àyà rẹ̀ ti há, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn.

Ó jáde, ó ń húkọ́, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ṣé òtútù mú yín níbẹ̀?"

"Rárá."

"Kí ló wá ṣe yín?"

Ó fi apá nu ojú.

"Ìyẹ́ wọn ni aṣọ òtútù wọn," ni obìnrin náà wí. "Bí ẹ bá rí i tí wọ́n wú u, wọ́n ń da aṣọ bora ni. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ tí wọ́n ń sùn gbẹ. Ẹ dí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lù wọ́n lára, ṣùgbọ́n ẹ ṣí òkè orí wọn kí èémí wọn rọ́nà jáde. Ẹ fún wọn ní àgbàdo nírọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá yọ, ẹ tú wọn sílẹ̀."

Ọkùnrin náà jókòó sórí pákó tó ń gé.

"Ìyàwó mi bẹ̀ mí pé kí n ṣí fèrèsé. Ojoojúmọ́ ló ń bẹ̀ mí. Mo ní òtútù á mú un."

"Àìsàn ló pa á, Bàbá Ìbídùn. Kì í ṣe fèrèsé. Àmọ́ ó fẹ́ rí ìta."

Ọkùnrin náà sunkún. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìṣó yọ. Gbogbo pákó tó ń tú ló ń ṣe é bíi kó dá padà. Ó kó ohun tútù inú ilé náà dànù, ó da èérún pákó gbígbẹ síbẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ lu àwọn adìyẹ tó tú sílẹ̀ lágbàlá, ó sáré gbé tàpólì. Obìnrin náà wò ó. Ọkùnrin náà gbé e sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀kan tún kú, nítorí àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára jù. Ọwọ́ ọkùnrin náà ti kan òòlù kó tó dá ara rẹ̀ dúró. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan, ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi ga. Méje ló kù, méjèèje ló sì rí òjò àkọ́rọ̀.

Ìwọ ìyá tí o jókòó yìí, ìwọ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Láti ìgbà tí àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ ti já a sílẹ̀, o kò jẹ́ kó lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ò ń yẹ fóònù rẹ̀ wò. Ẹnu ọ̀nà lo ti ń dá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà. O ní kí ẹnikẹ́ni má baà tún ba ọkàn rẹ̀ jẹ́. Ìfẹ́ ni, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń rù, ìwọ náà sì rí i. Máa lọ sílé nísinsìnyí. Bi í pé kí ló fẹ́, kí o sì dákẹ́ títí yóò fi dá ọ lóhùn.