Ìjà Aró àti Ìtànṣán Láàárín Dígí Méjì

Nígbà láéláé, ìmọ́lẹ̀ kì í dúró níbikíbi. Ó ń wọlé, ó ń jáde, kò sì sí ẹni tó ń bi í léèrè.

Aró ń gbé nínú ìkòkò kan lẹ́yìn ilé. Ó bí ọmọ kan, Tíntín, tó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Oorun ni Tíntín fẹ́ràn.

Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, Ìtànṣán á dé pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ ọsàn rẹ̀. Á jí Tíntín, á gbé e sọ sókè àjà, á sì bá tirẹ̀ lọ. Tíntín á já lulẹ̀, gbì! Á bú sẹ́kún.

Ọjọ́ kan, ó sú Aró.

“Ìtànṣán! Kí ni ọmọ mi ṣe fún ọ? Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ ọlọ́mọ ṣeré nìyẹn?”

Ìtànṣán rẹ́rìn-ín. “Ìyá Tíntín, mò ń kánjú. Ta ló lè dá mi dúró?”

Aró lọ bá Dígí Ẹ̀gbọ́n àti Dígí Àbúrò, dígí méjì tó wà nínú ilé.

“Àwa náà ńkọ́?” ni Dígí Ẹ̀gbọ́n fi ìbínú sọ. “Ojú wa ló máa ń gbá kó tó lọ. Kò kí wa rí!”

Wọ́n bá dojú kọ ara wọn, wọ́n fi Tíntín sáàárín. Bí Ìtànṣán ṣe wọlé, Ẹ̀gbọ́n tì í padà, Àbúrò náà tì í padà. Ṣùgbọ́n àyè náà fẹ̀ jù. Ẹsẹ̀ Ìtànṣán kò bá ti Tíntín mu.

“Ẹ sún mọ́ra!” ni Aró kígbe.

Wọ́n sún mọ́ra títí ìṣísẹ̀ Ìtànṣán fi bá ìfò Tíntín mu régí. Tíntín bá di aṣọ rẹ̀ mú. Bí èyí bá lọ sókè, ìyẹn á wá sílẹ̀, títí a kò fi mọ èwo ni ọmọ, èwo ni ìmọ́lẹ̀ mọ́.

“Ẹ ní kó fi mí sílẹ̀!” ni Ìtànṣán kígbe.

“Ìwọ náà ti wá mọ bó ṣe ń rí!” ni Aró fèsì.

Aṣọ náà ya, fàà! Apá kan pupa bí ata, apá kejì rí bí ìyeyè. Ìtànṣán yọ́ jáde pẹ̀lú àkísà méjèèjì.

“Ọmọ mi, ṣé o ò farapa?”

“Rárá, ìyá mi. Ṣùgbọ́n àjà tí mo máa ń fò dé ti di méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi.”

“Ẹ má bínú, Ìyá Tíntín,” ni Dígí Ẹ̀gbọ́n wí. “Àwa la ó máa pinnu bí àjà yóò ti ga tó. Bí a bá sún mọ́ra, á ga. Bí a bá jìnnà síra, á wálẹ̀.”

“Èmi tí mo bí i ńkọ́?”

Àwọn dígí tún sún mọ́ra díẹ̀, àjà sì ga sí i.

Láti ọjọ́ náà ni ìtànṣán aláwọ̀ ọsàn tó bá bá aró há sáàárín dígí méjì fi ń jáde ní àwọ̀ méjì, tó sì jẹ́ pé dígí ló ń pinnu bí ọmọ aró yóò ti fò tó. Ojú Aró ṣú dùdù títí di òní. Kò tíì dárí ji ẹnì kankan nínú wọn.