Ẹni Tí Wọ́n Ń Pè Ní Akọ̀wé

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kékeré kan. Akọ̀wé ni tọmọdé tàgbà ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò mọ ìwé kà. Ọdún mẹ́jọ ló fi ń gbé àpò tẹ̀lé akọ̀wé kóòtù kan nílùú òkèèrè. Nígbà tó ń padà bọ̀ wálé, ó ra awò ojú, ó ki gègé bọ àpò àyà, ó sì ti há ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sórí. Ohun tó mọ̀ nìyẹn. Ó tó o jẹ, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀wé nílùú tó lè já a nírọ́.

Bí lẹ́tà bá dé, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá. Á nu awò ojú rẹ̀, á wúkọ́, á ní: "Mo kí yín púpọ̀púpọ̀. Ara mi le. Ẹ máa fi àdúrà rántí mi." Gbogbo ilé á ṣe àmín. Báyìí ni kò fi sí ọmọ ìlú náà kan tó ṣàìsàn lẹ́yìn odi fún ọdún méjìlá. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, ara rẹ̀ le. Ẹni tó ń pọ̀kàkà ikú, ara rẹ̀ le. Bí wọ́n bá wá gbé òkú onítọ̀hún wálé, àwọn ènìyàn á ní, "Ẹ ò rí i bí ayé ṣe burú! Ọmọ tí ara rẹ̀ le lọ́sẹ̀ tó kọjá!" Wọ́n á wá máa wo ìyá arúgbó ilé kejì bákan. Akọ̀wé á bá wọn mi orí.

Ó bí ọmọbìnrin kan, Ìbídùn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan tó ti dolóògbé ni ọmọ náà ti kàwé ní ìlú ńlá, ibẹ̀ náà ló sì lọ́kọ sí. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń kún ojú ewé méjèèjì. Nígbà tí oyún rẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ, ọ̀kan dé tí kò ju ìlà mẹ́rin lọ, ọwọ́ tó fi kọ ọ́ sì rí wúruwùru. Àyà bàbá rẹ̀ já.

Tíṣà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síléèwé tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú. Akọ̀wé dé fìlà, ó ki lẹ́tà sápò, ó lọ bá a. Bí tíṣà ṣe rí i lókèèrè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàárọ̀, sà! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dìde, ẹ kí Akọ̀wé wa!"

Gbogbo kíláàsì dìde. Akọ̀wé yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò tí lẹ́tà wà. Ó ní, "Mo ní kí n yà kí ọ ni." Ló bá yí padà.

Ìyàwó rẹ̀ ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Ìbídùn, kí lọmọ mi wí?"

"Ó ní ara òun le."

"Kò wá ní kí n máa bọ̀? Mo ti di ẹrù mi."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a máa fi àdúrà rántí òun."

Ìyá tú ẹrù rẹ̀, ó ń kọrin ọpẹ́.

Ní ọjọ́ kọkànlá, wọ́n gbé Ìbídùn wálé nínú pósí, òun àti oyún inú rẹ̀. Àwọn obìnrin tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ayé burú. Ìyá rẹ̀ wọlé, ó mú lẹ́tà náà, ó gbé e fún tíṣà tó wá bá wọn kẹ́dùn. "Bá mi kà á. Mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Tíṣà ti kà á jáde kó tó mọ ohun tó ń kà. "Màmá, ẹsẹ̀ mi wú, ojú mi ń ṣú. Ọkọ mi ò sí nílé. Ẹ tètè wá gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ìyá náà gba lẹ́tà náà padà. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ni mo bí i fún."

Ìwọ tí mò ń sọ èyí fún, mi ò ní o burú. Ọkùnrin yẹn náà ò burú, ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọ́ jẹ olórí, wọ́n ń dìde kí ọ, ìwọ náà sì ń mi orí sí ohun tí kò yé ọ. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n lónìí, kí o wí fún un pé o kò mọ̀. Ojú á tì ọ́, mo mọ̀. Jẹ́ kó tì ọ́ nígbà tí ọmọ ṣì wà láàyè.