Ìdí Tí Ẹ̀rọ Kékeré Fi Ń Dáhùn Ìbéèrè Kí Wọ́n Tó Sun Kóòdù Rẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ṣì ń kó gbogbo èdè sínú ikùn wọn, kò sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ lọ ṣe.

Ìyá Aláká ló ń fún wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ. Òun ló ni àká kóòdù tí ẹ̀rọ fi ń bá Kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ láti inú okùn USB. Bí ẹni mọ ìkòkò ló ṣe ń mọ kóòdù náà. Bó bá mọ ọ́n tán, á sun ún nínú iná, á wá gbé e sí ikùn ẹ̀rọ. Ẹ rántí èyí, ẹ̀yin ọmọ: amọ̀ tútù ló ṣeé tẹ̀. Èyí tó ti jiná kò ṣeé tẹ̀ mọ́.

Ní àkókò náà, Àgbébọ̀ adìyẹ kan fi ẹsẹ̀ ṣèṣe, kò lè sàba mọ́. Ó kó ẹyin mọ́kànlá sínú àpótí kan tí Kọ̀ǹpútà ń mú gbóná. Ó wá bẹ Pẹ́ńpẹ́, ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju èékánná lọ, pé kí ó dúró ti àwọn ẹyin náà, kí ó máa sọ fún Kọ̀ǹpútà bí ibẹ̀ ṣe gbóná tó.

Pẹ́ńpẹ́ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Aláká.

"Ìyá, ẹ fún mi ní èdè kíbọọ̀dù. Ẹ fún mi ní ti máòsì àti ti rédíò. Ẹ fi ti ooru náà kún un."

"Ṣé kì í ṣe ẹyin lo fẹ́ lọ ṣọ́ ni?"

"Ẹyin ni, ma. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sóde kò mọ ohun tí wọn yóò bi òun."

Ìyá Aláká kò bá a jiyàn. Ó mọ gbogbo rẹ̀, ó sun ún.

Ní ilé Kọ̀ǹpútà, àlejò kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Onílé ló ń bi í léèrè.

"Ta ni ọ́?" ni Kọ̀ǹpútà wí.

"Kíbọọ̀dù ni mí, sà. Máòsì ni mí. Rédíò ni mí."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ há sí. Ikùn Pẹ́ńpẹ́ ti kún dé ọ̀fun, kò sí àyè tí yóò fi nọ́ńbà ooru kan ṣoṣo sí. Ó ya ẹnu, ohunkóhun kò jáde.

"Mi ò mọ ẹni yìí," ni Kọ̀ǹpútà wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Báyìí ni kò ṣe sí ẹni tó sọ fún un pé ẹyin ń tutù. Nígbà tí Àgbébọ̀ fi máa tiro débẹ̀, ẹyin mẹ́ta ti tutù bí òkúta odò.

"Pẹ́ńpẹ́, kí lo gbé mì?"

"Èdè mẹ́rin ni, ìyá."

"Pẹ̀lú ti rédíò? Ta ló ní kí o wá kọrin fún ẹyin mi?"

Pẹ́ńpẹ́ gbìyànjú láti pọ èdè mẹ́ta jáde. Wọ́n ti jiná mọ́ ara wọn. Àgbébọ̀ fi ẹnu gbé e, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Aláká.

"Èmi náà jẹ̀bi," ni ìyá àgbà wí. "Mi ò bi í dáadáa kí n tó dáná." Ó fọ́ kóòdù àtijọ́, ó bu amọ̀ tuntun, ó fa pátákó kan sọ́dọ̀. "Ṣé ìwọ ni kíbọọ̀dù?"

"Rárá, ma."

Ó kọ òdo. Ó kọ òdo fún máòsì, ó kọ ọ́ fún rédíò.

"Ṣé wàá máa ka ooru?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

Ó kọ oókan.

"Ìyá, ẹ ṣe kíá," ni Àgbébọ̀ wí. "Mẹ́jọ tó kù ti ń tutù."

"Bí mi ò bá béèrè tán, ẹ óò tún padà wá. Pẹ́ńpẹ́, lẹ́tà mélòó ni ẹnu rẹ lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà?"

Pẹ́ńpẹ́ ronú. Ó wu ú kí ó dárúkọ ẹgbẹ̀rún. Ó wo ojú Àgbébọ̀.

"Mẹ́rìndínlógún, ma."

"Ta ni yóò máa fi iná mànàmáná bọ́ ọ?"

"Kọ̀ǹpútà ni, láti inú okùn."

Ìgbà náà ni Ìyá Aláká tó dáná, tó gbé kóòdù tuntun sí ikùn Pẹ́ńpẹ́, tí Pẹ́ńpẹ́ sì padà sí ilé Kọ̀ǹpútà.

"Ta ni ọ́?" ni Kọ̀ǹpútà tún bi í.

"Ẹni tó ń ka ooru ẹyin ni mí, sà. Ó ti ń tutù."

Kọ̀ǹpútà fi iná kún ti àpótí náà. Òròmọdìyẹ mẹ́jọ ló jáde. Bí Àgbébọ̀ bá ń kà wọ́n, bó bá dé orí ẹ̀kẹjọ, á tún yọjú wo inú àpótí kó tó kó wọn lọ.

Láti ọjọ́ náà ni pátákó òdo àti oókan ti ń ṣáájú iná. Ohun tí a bá kọ òdo sí kì í wọ inú amọ̀ rárá. Ẹ̀rọ kékeré tó bá sì yí èrò padà lẹ́yìn iná, ẹ̀bẹ̀ kò ràn án: wọn yóò tún un mọ, wọn yóò sì tún un sun.