Àdému Tó Ń Kí Ìyá Àwẹ̀ró

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi gbéra, kò yà síbì kankan, ó di ilé Ẹtu, ìyá Àwẹ̀ró. Opó ni. Àwẹ̀ró nìkan ló bí, ọmọ náà sì ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú òkèèrè. Ìyá ò ní fóònù, kò sì mọ̀ ọ́n tẹ̀.

Àwẹ̀ró wá ro ẹ̀bùn kan. Ó bẹ Ìjàpá, ẹni tó mọ igbá fín, pé kó fín àdému, igbá tó ní ọmọrí, fún ìyá òun, kó fi ẹ̀rọ kékeré sínú rẹ̀. Bí ìyá bá ti ṣí ọmọrí, ohùn òun á jáde. Ó fi fóònù fi ohùn mẹ́ta ránṣẹ́ sí i: ìkíni àárọ̀, ti ọ̀sán, ti alẹ́, kí kọ̀ọ̀kan máa jáde lásìkò tirẹ̀.

Ṣé ẹ mọ Ìjàpá? Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ìyá Àwẹ̀ró ló ń rò. Ó pa ohùn ọmọ rẹ́, ó fọwọ́ di imú, ó fi tirẹ̀ síbẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, màmá mi. Ẹ fún Ìjàpá ní ọ̀lẹ̀lẹ̀ kó tó kúrò."

Ó gbé e lọ ní òwúrọ̀, ó ní Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìyá ṣí i, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ó jọ pé ọ̀fìnkìn ń ṣe ọmọ òun. Ìjàpá ní òtútù pọ̀ níbẹ̀. Ó jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ yó. Ilẹ̀ mọ́, ó tún dé. Ilẹ̀ tún mọ́, ó tún dé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àárò ọmọ sọ ìyá. Oòrùn ti wọ̀, adìyẹ ti wọlé. Ó ṣí àdému.

"Ẹ káàárọ̀, màmá mi."

Ìyá dé e, ó tún ṣí i. Káàárọ̀ náà ni. Ọmọ tí òun kọ́ ní ìkíni kó tó mọ̀ ọ́n rìn, òun ló ń kí káàárọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí? Yálà orí rẹ̀ ti dàrú, tàbí wọ́n tì í mọ́ ibi tí kò ti rí ojúmọ́. Ìyá ò lè jẹun mọ́.

Nígbà tí Ìjàpá dé láàárọ̀, ẹrù ló bá nílẹ̀.

"Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ìwọ lọmọ mi ń dárúkọ, ìwọ lo mọ ọ̀nà ìlú tó wà. Gbé e."

"Màmá, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Ẹnu tó ń jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ kò dùn ọ́. Gbé e."

Iṣu, ẹ̀wà, àti ọlọ. Ó pọ̀n ọ́n títí ọrùn rẹ̀ fi ń wọlé sára. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó dé. Ìyá ò mọ ojúlé ọmọ, ló bá ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àwẹ̀ró, ilẹ̀ ṣú
— Ohùn ẹ dà?
O ní ilẹ̀ mọ́
— Ohùn ẹ dà?
Adìyẹ ti sùn
— Ohùn ẹ dà?
Ìyá ẹ ti dé
— Ohùn ẹ dà?

Ilẹ̀kùn kan ṣí. Àwẹ̀ró sáré jáde, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káalẹ́, màmá mi."

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Káalẹ́, ọmọ mi. Orí ẹ pé. Orí ẹ pé."

Àwẹ̀ró béèrè bóyá ìkíni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dé etí ìyá. Ìyá ní mẹ́ta kẹ̀? Wọ́n bojú wẹ̀yìn. Ìjàpá ti fa orí sínú.

Wọn ò lù ú. Ara ti tu ìyá kọjá kó máa na ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní Ìjàpá ló máa gbé ọlọ padà. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ tún fi ohùn sínú àdému tí ìyá gbé dání, ó sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ìkíni kọ̀ọ̀kan, kí ìyá lè ráyè dáhùn.

Láti ìgbà náà ni Ìjàpá ti ń fa orí wọlé bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀. Ó rò pé ìyá Àwẹ̀ró ló tún ń gbé ọlọ bọ̀.

Ibí ni mo gbé e dé. Bí mo bá parọ́, kí ohùn mi há sínú igbá. Bí n kò bá parọ́, ẹ kí mi káalẹ́, kí n dá yín lóhùn.