Fìlà Bàbá Lẹ́nu Tanímọ̀la

Ó ti rẹ Ìyá Adéròpò. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Tanímọ̀la, ajá kékeré tí bàbá fi sílẹ̀, kò jẹ́ kó sinmi. Bí kò bá gbé bàtà sá lónìí, yóò wọ́ gèlè lọ sábẹ́ àga lọ́la, ìyá a sì máa fi orúnkún tó ń dùn ún lé e kiri pálọ̀.

Lọ́jọ́ kan, fìlà olóògbé ló gbé, ọ̀kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí mọ̀lẹ́bí pín aṣọ rẹ̀.

"Yéè! Á fà á ya!" Ìyá dìde.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi," ni Àjọkẹ́ àbúrò rẹ̀ wí. "Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Lílé tí ẹ ń lé e yìí gan-an ni iná aṣọ náà. Ìgbà wo lẹ pè é kẹ́yìn láìjẹ́ pé ó jalè?"

Ìyá ronú títí, kò rántí. Ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí ajá, ó ń ṣa ẹ̀wà. Tanímọ̀la dúró títí, kò rí ẹni lé e. Nígbà tó yá, ó rọra gbé fìlà sẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá, ó dùbúlẹ̀.

Ìyá kò tíì mú fìlà. Orí ajá ló kọ́kọ́ fọwọ́ pa.

"Tanímọ̀la," ó pè é jẹ́jẹ́. "Ilé yìí dákẹ́ jù fún èmi náà."